Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ìyá Àgbà Lọ Sinmi ní Ìlú Onílùú?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin wa ọ̀wọ́n, a kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú wàhálà ìjọ. A fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo kíkí tí a kí yín yìí. Gbogbo rẹ̀ ló dá lórí iṣẹ́. Yorùbá kò ṣàìní kíkí fún ẹni tó ń sinmi, nítorí kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn ń ṣe láyé tí a kò ní kíkí fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti máa ń rí nígbà tí ènìyàn bá wọlé, tí ó bá ìyá ilé lórí àga, tí kò ṣa ẹ̀wà, tí kò di irun ọmọ, tí kò rán aṣọ. Ẹni náà á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, mà." Kí ó tó rí àyè jókòó, á tún fi kún un pé, "Ṣé kò sí o? Ṣé ara yín dá?" Ìjókòó obìnrin ti di àmì àìsàn lójú wa.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan yìí ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí obìnrin tó ti dàgbà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó lọ́mọ, tó lọ́mọ-ọmọ, mú owó rẹ̀ kí ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe nítorí ọjà, kì í ṣe nítorí òkú, kì í ṣe nítorí ìgbéyàwó, bí kò ṣe kí ó lè sinmi nìkan? Àwọn kan nínú wa ti dáhùn kí a tó béèrè tán. Wọ́n ní ìmọ̀tara-ẹni-nìkan ni. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ lójú tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tú u wò.

Kì í kúkú ṣe pé ìyá àgbà kì í rìnrìn-àjò. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìyá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston fún oṣù mẹ́fà, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ tuntun ló lọ tọ́jú. Nígbà tí ó ń lọ, àwa ará ilé ní Màmá fẹ́ lọ jayé. Ẹ bi àwọn tó ti lọ léèrè. Omi gbígbóná ọmọ, omi gbígbóná ìyá ọmọ, ẹ̀kọ, ọbẹ̀, aṣọ fífọ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ìyá kan sọ fún wa pé oṣù márùn-ún ni òun lò níbẹ̀, ohun tí òun sì mọ̀ nínú ìlú náà kò ju ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà tó wà ní ìkóríta lọ. A kò bú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ìbùkún ni láti gbé ọmọ-ọmọ ẹni jó. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ ni, a sì ń pè é ní ìgbádùn. Bí ìyá yìí kan náà bá wá sọ pé òun fẹ́ lọ gbádùn ní tòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta péré, a ó ní kí ló dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tó ṣojú wa. Àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọdún 1976, ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE, tí wọ́n ń wá olùkọ́ kiri bí ẹni ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A jọ gba ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Tú. Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa méjì ti ṣe tiwa ju ogójì ọdún lọ. Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi tọ́jú rẹ̀ nílé. Ní agogo méjì òru, a máa dìde láti yí i padà kí egbò má baà yọ sí i lẹ́yìn, ní agogo márùn-ún a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá náà sùn nínú Olúwa, a sin ín, a ṣe ẹ̀yẹ, ọdún yípo. Ọ̀rẹ́ wa ṣì ń jí ní agogo méjì òru. Á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọmọ-ọmọ mẹ́ta ń dúró de oúnjẹ, nítorí inú ilé kan náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ìyàwó ń gbé. Lọ́jọ́ kan ó wò wá lójú, ó ní, "Mo fẹ́ sùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé mo mọ ọbẹ̀ sè."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Ẹ̀yin tó kọ́ jọ́gíráfì mọ ìlú náà sí Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Dahomey ni wọ́n fi kọ́ wa. Ọdún 1975 ni wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà. Àwọn Potogí ló pe ìlú náà ní Porto-Novo, èyí tó túmọ̀ sí èbúté tuntun. Àwọn Ẹ̀gùn ń pè é ní Hògbónú. Àjàṣẹ́ ni àwa ń pè é. Nítorí náà òkèèrè ni nínú ìwé ìrìnnà, kì í ṣe òkèèrè ní etí, nítorí bí o bá kí ènìyàn márùn-ún lójú pópó níbẹ̀ ní èdè Yorùbá, o ó rí ẹni tí yóò dá ọ lóhùn.

Ọ̀tà ni a ti wọkọ̀, a gba Òwodé lọ sí Ìdí-Ìrókò, a ré kọjá sí Ìgólò, ó di Àjàṣẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀, ó sì di ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Ìwé ìrìnnà ECOWAS àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú ni a mú dání. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè náà ṣe ní ọdún 1979 kò béèrè físà lọ́wọ́ wa bí a kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ. Àwọn ọmọ wa kò mọ èyí. Lójú tiwọn, ibi tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbé ni dé nìkan ni òkèèrè.

A kò sáré wo nǹkan bí àwọn tó ń ká ohun tí wọ́n rí sórí ìka. Mọ́sálásí ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n padà wá sílé, tí wọ́n sì jẹ́ Mùsùlùmí, ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1912 sí 1935. Wọ́n fi ilé ìsìn àwọn ará Bahia ṣe àwòṣe rẹ̀. A dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ní, "Bí ọwọ́ wọn ti mọ ilé í kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n sì fi sin ẹni tí wọ́n fẹ́ sìn." A wo ààfin Ọba Toffa, ẹni tó jọba láti 1874 títí di 1908, tí wọ́n ti sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. A jókòó pẹ́ nínú ọgbà tí wọ́n gbin àwọn igi ńláńlá sí, a kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A tún dé Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tí Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Kò sí ohun tí wọ́n ń dà nù níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ, ẹ wá àyè lọ wo ibẹ̀. A mọ̀ pé a ní a kò bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ kì í sinmi tán.

A jẹ àmíwó, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti epo rò títí ó fi pọ́n, pẹ̀lú adìẹ díndín. Ẹlòmíràn ló sè é. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Oúnjẹ tí a kò mọ iye tí wọ́n ra tòmátì rẹ̀ ní adùn kan tí kò sí nínú èyí tí a fọwọ́ ara wa sè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì tó wà nítòsí ibi tí a dé sí. Èdè Ẹ̀gùn àti Faransé ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n a mọ ohùn orin wọn, a sì fi Yorùbá kọ tiwa sí i. Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, tó sì dé Abẹ́òkúta lọ́dún náà, kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1843 ó dé Abomey, ààfin ọba Dahomey. Ilà tí a ń fi ìwé kọjá lónìí kò sí nílẹ̀ nígbà náà.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ ohun kékeré, àmọ́ a kò lè fò ó. Níwájú ọjà, ọ̀rẹ́ wa fẹ́ pè wá láti òdì kejì títì, ó sì fi orúkọ wa pè wá, orúkọ tí bàbá wa sọ wá. A dúró lójijì. Nílé, Ìyá Báyìí ni wá, tàbí Gírán-má, tàbí Tíṣà, tàbí Màmá Ìjọ. Àwọn òbí wa ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ti lọ. Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ẹni kan ṣoṣo lókè eèpẹ̀ tó lè pe orúkọ yẹn láìfi "Ìyá" síwájú rẹ̀. Ìdí tí a fi sọ pé ọ̀rẹ́ ló yẹ kí ènìyàn bá rin irú ìrìn-àjò yìí nìyẹn, kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe ọkọ nígbà gbogbo. Bí a bá bá ọmọ lọ, ìyá ni wá síbẹ̀. Bí a bá bá ọkọ lọ, ẹ mọ ẹni tí yóò di báàgì, tí yóò sì mọ ibi tí oògùn wà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rẹ́ méjì, kò sí ẹni tó jẹ́ ìránṣẹ́ ẹnì kejì. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹjọ́ tí a ń rò. Àwọn tó lòdì sí irú ìrìn-àjò yìí ní òwe kan tí wọ́n máa ń fi dè wá lọ́wọ́: ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Wọ́n ní bí ó bá rẹ obìnrin, kí ó wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ta ló pa á? Ẹni tó ti oko dé ni. Ó bọ́ ẹ̀wù oko, ó bu omi sẹ́sẹ̀, ó jókòó. Ta ló pọn omi náà? Ta ló gún iyán tó wà níwájú rẹ̀? Ẹni yẹn pẹ̀lú ti oko dé lọ́jọ́ náà, tàbí kí ó ti ọjà dé, tàbí kí ó ti kíláàsì tó ní ọmọ 50 dé. Ilé tó jẹ́ àbọ̀ ìsinmi fún ẹnì kan ni oko kejì fún ẹlòmíràn. A kò ní òwe purọ́; a ní kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Bí ilé bá jẹ́ oko fún wa, níbo ni àbọ̀ ìsinmi tiwa?

Ẹnì kan lè dáhùn pé kí a tún ilé ṣe kí ó lè di ibi ìsinmi fún gbogbo ènìyàn, dípò kí a máa sá kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni, kí àwọn ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin wa sì gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlòmíràn nìkan ló ń ru iṣẹ́ lé wa. Ojú ara wa wà níbẹ̀. Bí gbogbo ará ilé bá ní kí Màmá má ṣe nǹkan kan lónìí, ojú Màmá á ṣì rí aṣọ tó wà lórí okùn tí òjò fẹ́ pa, á rí ìkòkò tí wọn kò fọ̀ dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un. Ó ti dìde. Ní ilé àlejò tí a sùn ní Àjàṣẹ́, eruku wà lára fèrèsé. A rí i. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, a fi í sílẹ̀. Eruku onílé ni. Ohun tí jíjìnnà ń fún ni nìyẹn: kì í ṣe pé iṣẹ́ tán, iṣẹ́ náà ni kì í ṣe tiwa.

Àwa olùkọ́ la kọ́ àwọn ọmọ ní ewì tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ sínú Aláwìíyé nípa iṣẹ́. A fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn, ó sì ṣe wọ́n lóore. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí ìjọba kó fún wa, a kò rí ẹ̀kọ́ kan tó ní kí a kọ́ ọmọ bí a ti ń sinmi. Bóyá wọ́n rò pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A ti rí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́, agogo méjì lu, ọ̀rẹ́ wa jí, ó na ọwọ́. Ní alẹ́ kejì, ó sùn di agogo méje, àwa la jí tí a sì jókòó, tí a ń wò ó bí ó ti ń mí, tí ẹ̀rù ń bà wá láti jí i.

Ọ̀rọ̀ owó ló wúwo jù, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. John Wesley wàásù lórí lílo owó, ó ní kí onígbàgbọ́ ṣiṣẹ́ kó owó jọ, kí ó ṣọ́ ọ ná, kí ó sì fi ta àwọn ẹlòmíràn lọ́rẹ. Nígbà tí ó ṣí ilé-ìwé Kingswood ní ọdún 1748, kò fún àwọn ọmọ ní àkókò eré rárá. Bí ó bá jẹ́ Wesley ni a mú ìbéèrè wa lọ bá, a mọ ohun tí yóò sọ. A bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, àwa tó ti lo ọdún pípẹ́ pẹ̀lú ọmọdé mọ̀ pé ọmọ tí a kò jẹ́ kó ṣeré kì í mọ̀wé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Oorun ni ó máa ń sùn ní kíláàsì.

A sì bi ara wa léèrè: ebi ń pa àwọn ènìyàn nínú ìjọ, owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè dé, owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ wà nílẹ̀, ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti fi owó sùn ní ìlú onílùú? Bí owó náà bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí owó oògùn ẹnì kan, tàbí owó yíyá, kò tọ́. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ṣe bí o ti mọ, wọn kì í pè é lólè. Ṣùgbọ́n owó tí àwa méjì kó jọ fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò ju owó aṣọ ẹbí ayẹyẹ méjì lọ, pẹ̀lú gèlè. Lọ́dún kan, mélòó ni a ń rà? Ẹnikẹ́ni kò pe aṣọ ẹbí ní ìmọ̀tara-ẹni-nìkan, nítorí àwọn ènìyàn ń rí i lára wa. Wọn kò lè rí oorun lára wa. Kò dá wa lójú pé èyí dáhùn ọ̀rọ̀ Wesley tán, nítorí òun ì bá bu ẹnu àtẹ́ lu aṣọ ẹbí náà pẹ̀lú. Ohun tó dá wa lójú ni pé àwa tí à ń rà á kò lè fi ìyẹn dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́.

Ní ti àwọn tó ní opó ni, kí ni opó ń wá kiri, a kò ní fi àyè ìwé ṣòfò lé wọn lórí. Opó náà ti ṣe ti ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ wà láàyè.

Nǹkan kan wà tó burú ju ẹnu àwọn ènìyàn lọ, òun ni irọ́ tí ẹnu wọn ń mú wa pa. Obìnrin a lọ sinmi, ní ọjọ́ tó fẹ́ padà a sáré wọ ọjà, a ra aṣọ bíi mélòó kan, kí ó lè sọ pé ọjà ni òun lọ rà. Ẹlòmíràn a ní òun lọ gbàdúrà. Ó dà bí irọ́ kékeré tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lójú tiwa, ó ń pa àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lára. Ọmọbìnrin tó ń wò wá á gbà pé bí ó bá rẹ òun, àfi kí òun wá ohun mìíràn sọ. Nígbà tí a dé, tí wọ́n bi ọ̀rẹ́ wa ní ìpàdé pé, "Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?" ó ní, "Oorun ni mo lọ sùn, mo sì rí i sùn." Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan láti ẹ̀yìn béèrè pé, "Èló ni wọkọ̀?"

Bí ó bá jẹ́ ibí ni ọ̀rọ̀ parí sí, ìbá rọrùn láti kọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní ilé àlejò náà tó ń gbálẹ̀, tó sì ń fọ aṣọ ibùsùn. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré sí tiwa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ wa kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá." Ó dúró. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá?" Ọmọ Ìtàkété ni, ibi tí ìwé ìjọba wọn ń pè ní Sakété. Agogo márùn-ún ni ó ń jí. Ó ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin nílé, ìyá wọn wà ní Èkó, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó sọ ọ́ láìkáàánú ara rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kò lè jẹun tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ohun tí mo sá fún nílé mi ni mo wá gbé lé obìnrin yìí lórí." A jiyàn lórí rẹ̀ títí ọ̀sán. Àwa ní wọ́n ń sanwó fún un, ìyàtọ̀ sì wà láàárín iṣẹ́ tí a sanwó rẹ̀ àti èyí tí a ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ogójì ọdún. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé owó náà yóò gbé òun náà dé ibì kan tí ẹlòmíràn yóò ti gbálẹ̀ fún un? A kò rí èsì. A tún bi ara wa pé: tí a bá jókòó sílé nítorí rẹ̀, ǹjẹ́ yóò ṣe é láǹfààní? Rárá, a ó kàn gba oúnjẹ òòjọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Nítorí náà, kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni má sinmi mọ́ ni ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀: ìsinmi wa dúró lórí iṣẹ́ ẹnì kan. Ṣáájú kí a tó kúrò, a tẹ́ ibùsùn fúnra wa, a gbá yàrá, a sì fi owó sí i lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí yàrá tí a gbá. Ó ní àwọn ìyá Nàìjíríà kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbádùn.

Òfin ìsinmi tó wà nínú ìwé Ẹ́kísódù wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń bọ̀ nínú ọkọ̀. Òfin náà kò ní kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tán sinmi. Ọjọ́ ló yàn, iṣẹ́ ìbáà tán, ìbáà má tán. Ó dárúkọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin, ẹran ọ̀sìn, títí kan àlejò tó wà nínú ìlú. Ọ̀rẹ́ wa, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun, ní, "Aya ńkọ́? Wọn kò dárúkọ aya." Àwọn olùkọ́ Bíbélì á ní "ìwọ" tó ṣáájú ti kó aya mọ́ra, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ a rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi wẹ̀yìn wò wá. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà mọ̀ dáadáa ni pé ìsinmi ọ̀gá lè di ẹrù ìránṣẹ́ bí a kò bá dárúkọ ìránṣẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tí a fi sílẹ̀ nílé.

Nítorí ta ló fún ọmọ-ọmọ mẹ́ta yẹn lóúnjẹ láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé? Ìyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wa ni. Olùkọ́ ni òun náà, ní ilé-ìwé aládàáni, owó oṣù rẹ̀ kéré. Kò ráhùn. Nígbà tí a dé, ó ti se ọbẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Mà, ẹ kú ìsinmi." Ọ̀rẹ́ wa wò ó dáadáa, bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni tìrẹ?" Ọmọbìnrin náà rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun ṣẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Ó di oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé-ìwé gba ọlidé, kí ó tó gbà láti lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé ló lọ ní Ìbàdàn, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ wa dúró ti àwọn ọmọ lọ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń se oúnjẹ alẹ́. Ìrẹsì ni ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ìrẹsì ni ní alẹ́ kejì. Ní alẹ́ kẹta, ó pe ìyá rẹ̀ sí ilé ìdáná, ó ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà.